Ẹnjiníà Tó Ti Òkè Òkun Dé: Ohun Tó Gbé Ayọ̀délé Awójọbí Dé Kóòtù

Àárín ibi méjì ni Ifákọ̀ Gbàgádà wa yìí bọ́ sí. Ẹni tó bá bọ́ sí títì márosẹ̀ ní Gbàgádà tó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, Òṣòdì ni yóò já sí. Tó bá kọrí sí ìlà oòrùn, Òwórò ni yóò bá, níbi tí afárá kẹta ti gbéra lọ sórí ọ̀sà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa wo àwọn ilé Yunifásítì Èkó ní Akọkà lápá ọ̀tún. Òṣòdì ni wọ́n ti bí Ayọ̀délé Olúwatùmínínú Awójọbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937. Akọkà ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kó tó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, lẹ́ni ọdún 47. Ẹni tí kò mọ̀ ju ọ̀nà yìí lọ lè rò pé ọkùnrin náà kò rin ìrìn àjò kankan, torí pé kò tó wákàtí kan láti ibi tí wọ́n bí i sí dé ibi tó ti ṣiṣẹ́, bí títì kò bá dí. Ṣùgbọ́n Zaria àti London ló gbà kọjá kó tó dé Akọkà.

Méjì ni àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ sábà máa ń pín in sí. Awójọbí àkọ́kọ́ ni ọlọ́pọlọ pípé, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè nínú ètò Mastermind lórí tẹlifíṣọ̀n, tí òbí máa ń fi orúkọ rẹ̀ gún ọmọ tí kò kàwé ní kẹ́ṣẹ́. Awójọbí kejì ni aláriwo tó ń di ìwé òfin sínú mọ́tò, tó ń pe ìjọba lẹ́jọ́, tí ẹjọ́ kì í sì í dá a láre. Wọ́n á wá mi orí pé òṣèlú ló jí ti àkọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹyọ ènìyàn kan ṣoṣo ni, àti pé iṣẹ́ ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé e dé kóòtù. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yẹn dójú àmì, tó sì padà sí irú ìlú tí a ní nígbà yẹn, iwájú ìjọba ni ìbéèrè rẹ̀ máa já sí, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ di ojú ara rẹ̀.

Ìgbésí ayé rẹ̀ kó tó lọ sókè òkun kò díjú púpọ̀. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú, jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ nílé iṣẹ́ rélùwéè. Ìyá rẹ̀, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, ń ta ọjà wéwé. Ó kàwé ní St. Peter's, Fàájì, ó bọ́ sí CMS Grammar School, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Macbeth torí pé òun ló ṣe ọba burúkú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré orí ìtàgé tí wọ́n ṣe. Ó jáde ní 1955, ó lọ sí Nigerian College ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní Zaria, ó sì gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ipò kìíní ní 1962. Ẹ kíyè sí i pé Zaria ló jókòó sí, oyè Yunifásítì London ló gbà: kó tó dé London rárá ni wọ́n ti fi òṣùwọ̀n tiwọn wọ̀n ọ́n. Ìjọba àpapọ̀ fún un lówó ẹ̀kọ́ lọ sí Imperial College, ó sì di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1966, ọdún tí ológun gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀ wa. Ó padà wálé síbẹ̀. Ní 1974, Yunifásítì London tún fún un ní oyè DSc. A kì í jókòó ṣe ìdánwò fún oyè yìí. Iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde láti ọdún dé ọdún ni wọ́n ń kó jọ wò kí wọ́n tó fi fúnni. Ọdún yẹn kan náà ni Akọkà sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí ló lọ kọ́ ní London gan-an? “Ìmọ̀ ẹ̀rọ” ni a máa ń dáhùn, bí ẹni pé ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ní 1965, òun àti olùkọ́ rẹ̀, Peter Grootenhuis, tẹ àpilẹ̀kọ gígùn kan jáde nínú ìwé Royal Society, lórí bí ohun líle tó jókòó sórí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lórí kọnkéré lẹ́yìn ilé kan ní Gbàgádà. Nígbà tó bá ń sáré déédéé, kíkùn ló ń kùn, etí a ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pa á, tí eré rẹ̀ ń rọlẹ̀, ó ní ibì kan tó máa dé tí gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n rìrì, tí àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa ta síra wọn, kó tó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé ó lágbára sí i ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni. Eré tó ń sá lásìkò yẹn ló ṣe wẹ́kú pẹ̀lú bí òun àti ilẹ̀ tó jókòó lé ṣe máa ń mì tí a bá tì wọ́n. Ilẹ̀ kì í ṣe òkú nǹkan lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń rì díẹ̀, ó ń sọ padà, ó sì ń gbé ìgbọ̀n náà lọ bá ilé aládùúgbò. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn, eré tó léwu yẹn á yàtọ̀ sí ti amọ̀. Bí ìpìlẹ̀ bá fẹ̀, á tún yàtọ̀. Ìṣirò tí a ó fi mọ eré náà kí a tó da kọnkéré rárá ni Awójọbí ń wá. Nígbà tó padà dé Èkó, ó tún tẹ̀ síwájú lórí irú ilẹ̀ tó ń le sí i bí a bá ṣe ń walẹ̀ lọ, ó sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ lágbàáyé.

Mo pẹ́ níbẹ̀ torí pé orí èyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin, márùn-ún ṣe irú ìwádìí yẹn ti kọ́ àṣà kan tí kò ní fi í sílẹ̀ mọ́. Tí ohun kan bá ń gbọ̀n lókè, kò ní bá ohun náà jà. Á béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Á béèrè iye rẹ̀. Kò ní gbà kí wọ́n sọ fún un pé “ó pọ̀ díẹ̀”, á ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n wá. Tí ìṣirò bá sì jáde ní ọ̀nà kan, kò sí ọlá ẹnikẹ́ni tó lè yí i padà, ìbáà jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀. Ní yàrá ìwádìí, àṣà yìí ni wọ́n ń fún ènìyàn lóyè lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe rí nígbà tó gbé e dé títì Èkó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àjíǹde, ni gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìjọba pàṣẹ, awakọ̀ sì yí ọwọ́ padà. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò gbọ́ àṣẹ: àwọn tí sítíárìn wọn wà lápá ọ̀tún ṣì pọ̀ nílẹ̀, awakọ̀ wọn á sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kò ní rí ohun tó ń bọ̀ níwájú tó bá fẹ́ yà kọjá tírélà. Awójọbí mú Opel Olympia Rekord tí ẹbí rẹ̀ ń lò, ó sì gbé sítíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ẹ má ṣe rò pé bí ìgbà tí ènìyàn gbé àga láti igun kan dé èkejì ni. Sítíárìn so mọ́ irin tó ń darí táyà iwájú; búréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti irin tí a ń tẹ̀ láti fi sáré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ tó gbà dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ṣí ọ̀kan nípò ti ṣí gbogbo wọn nípò. Iṣẹ́ mìíràn tó ṣe lórí mọ́tò ni jíìpù irú ti ológun kan tó pè ní Autonov 1. Jíìpù lásán ní jíà mẹ́rin láti fi lọ síwájú, ọ̀kan péré láti fi padà sẹ́yìn, pẹ̀lú ọrùn tí awakọ̀ á máa yí kiri. Awójọbí so sítíárìn kejì mọ́ ọn, ó sì tún un ṣe tó fi jẹ́ pé jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́ lọ síwájú, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ lọ sẹ́yìn. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún sójà tí ọ̀tá ba dè lójú ọ̀nà tóóró tí kò sí àyè láti yí mọ́tò padà.

Ọ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà. Nọ́ńbà 1 tó wà lára orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó sọ ọ́ retí èkejì. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu àwọn tí kò ní gbà pẹ̀lú mi sọ̀rọ̀ níbí, torí pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní mọ́tò kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ tó délé; pé láti ọ̀kan dé ẹgbẹ̀rún jìnnà ju láti òdo dé ọ̀kan lọ; pé ọ̀pọ̀ ohun tó ṣiṣẹ́ lójú ẹni tó ṣe é ni yóò dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Òótọ́ ni. N kò sọ pé Autonov ìbá ti di ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń rà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó dán an wò dé ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá kò lè dà bẹ́ẹ̀. Láti mọ̀, ó nílò ilé ìdà-irin tí yóò da ohun kan náà nígbà ogún kí ìwọ̀n wọn má yàtọ̀, ó nílò ológun tí yóò gbé e lọ sínú ẹrọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́fà kó sì kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, ó nílò ẹni tó ń rà. Nínú ọdún wọ̀nyẹn gan-an, ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Bàdágìrì. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé ara mọ́tò á dé nínú àpótí láti òkè òkun, wọ́n á tò ó pọ̀. Ó pèsè iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò ní sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń to ohun tí ẹlòmíràn ti rò tán kò nílò ẹni tó ń rò. Ìjọba ló yan èyí, ó sì fi owó epo yàn án. Kì í ṣe ọ̀ràn ọpọlọ mọ́, ọ̀ràn ìpinnu ni.

Ẹ fi wé ti olùkọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí àpilẹ̀kọ 1965 yẹn. Grootenhuis dúró sí London. Ní 1977, ó tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè gbé ojú irin lé pẹpẹ kọnkéré tó léfòó sórí ohun rírọ̀, kí ìgbọ̀n ọkọ̀ ojú irin má baà gun ilé tó wà nítòsí. Ìmọ̀ kan náà ni, nípa ohun tó wúwo tó ń gbọ̀n lórí ohun tó ń tẹ̀. Ìlú tí olùkọ́ ń gbé ní ọkọ̀ ojú irin lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ní àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n bẹ̀rù pé ilé wọn á máa gbọ̀n. Nígbà tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá jẹ yọ, wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ìlú tó ń kọ́ afárá lórí omi nígbà yẹn pẹ̀lú: apá àkọ́kọ́ afárá kẹta parí ní 1980, wọ́n ṣí èyí tó kù ní 1990, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Iwájú yunifásítì gan-an ló gbà kọjá. Ilé iṣẹ́ òkèèrè ni wọ́n gbé e fún. Bí a bá ní kí ènìyàn ya àwòrán ibi tí ìmọ̀ àti iṣẹ́ ti wo ara wọn lójú tí wọn kò kí ara wọn, n kò rò pé yóò rí èyí tó dára ju iwájú Akọkà lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí owó epo wọlé sí, kò kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò rìn, ó sì wo abẹ́ rẹ̀. Láti ìparí ọdún 1973 ni epo ti gbówó lórí lágbàáyé, owó tí Nàìjíríà kò rí irú rẹ̀ rí ń wọlé, síbẹ̀ iná ń kú lójú ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó kọ ìwé kan tó pè ní Where Our Oil Money Has Gone. Orúkọ ìwé náà ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, akẹ́kọ̀ọ́ ń kún gbọ̀ngàn. Ọ̀ràn ìbò ọdún 1979 náà tún wà, níbẹ̀ sì ni ohun tí mo ń sọ ti hàn gbangba jù.

Òfin ìbò náà sọ pé ẹni tó bá máa di ààrẹ, yàtọ̀ sí pé kí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shehu Shagari ló ní ìbò tó pọ̀ jù, ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó yẹ nínú ìpínlẹ̀ 12. Ìkẹtàlá ni Kánò, níbi tó ti ní 243,423 nínú ìbò 1,220,763, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó ń ka ìpínlẹ̀ bí a ṣe ń ka ènìyàn á sọ pé 13 ni òfin ń béèrè, torí pé a kì í rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ènìyàn. Àwọn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ Shagari, tí Richard Akínjídé ṣáájú wọn, ní rárá, pé a lè pín Kánò: ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ibẹ̀ jẹ́ 813,842, ìdá kan nínú mẹ́rin èyí kò ju 203,461 lọ, Shagari sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ parí lójú tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wọn nǹkan jẹun wò ó fún wa. Wọ́n gé Kánò sí mẹ́ta, wọ́n mú méjì. Ìbò tí gbogbo ènìyàn dì, wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n ìbò tí Shagari rí gbà, wọn kò gé e; odidi rẹ̀ láti odidi Kánò ni wọ́n gbé ka orí Kánò tí wọ́n ti gé. Ọ̀mùtí tó ń pín ẹmu kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé apá kan, ó yẹ kí a gé èkejì: ìdá méjì nínú mẹ́ta 243,423 jẹ́ 162,282, kò sì tó 203,461. Tí a kò bá sì gé ọ̀kankan, kò tó náà ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìṣirò náà fi lè jáde bí wọ́n ṣe fẹ́ ni kí a fi òṣùwọ̀n méjì wọn ohun kan. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ tí Awólọ́wọ̀, ẹni tó bá Shagari du ipò ààrẹ, pè nù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979. Nínú adájọ́ méje, Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló dá tirẹ̀ sọ́tọ̀. Awójọbí kò gbà. Ó kó ìwé òfin jọ, òun tí kì í ṣe lọ́yà, ó sì ń bá ìjọba lọ sí kóòtù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Ìṣirò tí ọmọ ọdún kejì ní ẹ̀ka rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, òdo ni yóò fún un, kò sì rí ìdí tí orílẹ̀-èdè fi yẹ kó gba máàkì.

Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ gbé dé irú ibẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Plymouth ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Ó padà sí Èkó, ìjọba amúnisìn fi í ṣe sọ̀fíyọ̀ ilẹ̀ ọba. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí wọ́n fún ta ni, àti èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ta ni. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1908 ó tú àṣírí bí àwọn Òyìnbó ṣe ń ṣe owó rélùwéè báṣubàṣu. Ní 1920 ó bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí London lórí ilẹ̀ Àpápá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé-ẹjọ́ ọba gbà pé ìlú ló ni ilẹ̀ náà, kí ìjọba san owó rẹ̀. Macaulay kì í ṣe ẹni mímọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹ̀wọ̀n, ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ lórí owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀nà tó tọ̀. Okùn ìwọnlẹ̀ ló tẹ̀ lé dé kóòtù. Ó lé ní ọdún 72 tó wà láàárín ọjọ́ ìbí òun àti ti Awójọbí, ìjọba àjèjì ti lọ, tiwa ti dé, ìbéèrè náà kò sì yí padà: ta ló ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ta ló sì lè wò ó?

Àtakò kan wà tó wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n á ní Awójọbí kì í ṣe ẹni tó ń wọn nǹkan tí kò ṣe tẹnìkan. Pé ti Awólọ́wọ̀ ló ń ṣe, gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Mo gbà pé ó ní ẹni tó fẹ́. Bóyá ká ní Awólọ́wọ̀ ló jàǹfààní ìdá Kánò yẹn, ohùn rẹ̀ ìbá ti rọ̀. A kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò ní ìwà kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní: kò béèrè ẹni tó ṣe é. 162,282 kò tó 203,461 lẹ́nu ọ̀tá, kò tó o lẹ́nu ọ̀rẹ́. Tí a bá fẹ́ já a nírọ́, nọ́ńbà rẹ̀ ni kí a bá jà, kí a fi ẹgbẹ́ tó ń dìbò fún sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí a wo àwọn tó padà wá tí wọ́n sì rọra ṣiṣẹ́. Oyè Ìbídàpọ̀-Ọbẹ̀, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Waterloo ní Kánádà ní 1976, padà sí Akọkà yìí kan náà, ó kọ́ àwọn ọmọ, ó sì di gíwá yunifásítì náà títí di 2007. Kò bá ìjọba jà ní kóòtù. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí irú wọn yóò wó. Àmọ́ ẹni tó ń tún ilé ṣe láti inú àti ẹni tó ń pariwo pé ìpìlẹ̀ ń yọ́, iṣẹ́ wọn kò tako ara wọn. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti ọ̀kan ṣe ẹ̀rí pé ariwo èkejì kì í ṣe iṣẹ́.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ń sọ pé ó yẹ kí Awójọbí tiẹ̀ ti jókòó sí London. Lónìí tí jápa wà lẹ́nu gbogbo ọ̀dọ́ Gbàgádà, ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu ju ti àtijọ́ lọ, n kò sì ní bú ẹni tó bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé London ni àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ wọn, Nigerian Society of Engineers, sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1958, kí òmìnira tó dé, pẹ̀lú èrò pé ilé ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ka ilé sí ibi iṣẹ́. Ká ní Awójọbí dúró, ó ṣeé ṣe kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ pọ̀ sí i, kí ọjọ́ orí rẹ̀ sì gùn ju 47 lọ. Ta ló mọ̀? Ohun tó dájú ni pé London ti ní Grootenhuis.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, ó ń gba Òṣòdì kọjá, ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ ọ̀gá ibùdókọ̀ yẹn. Láti Ìkejà dé Mushin, ilé wà tí fèrèsé wọn kò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, omi inú ife á kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni etí. Bí ilẹ̀ Òṣòdì ṣe ń gbé ìgbọ̀n yẹn dé ara ògiri, ó ní ìṣirò, ó sì ti wà nínú ìwé láti 1965. Tí ẹni tó ń gbé nínú ọ̀kan lára ilé wọ̀nyẹn bá rí i pé ògiri rẹ̀ ti ń là, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ojú irin ni tàbí bíríkìlà tó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ahun, ọ́fíìsì wo ní Èkó ni yóò gbà lọ tí wọ́n á bá a gbé ẹ̀rọ wá wọ̀n ọ́n, tí wọ́n á sì fi nọ́ńbà tí wọ́n bá rí lé e lọ́wọ́?